Ilé Tíì Inú Kọ̀rọ̀ ní Hong Kong: Níbi Tí Àjọjẹ Kò Ti Wọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá ń bá ahun wí, ṣùgbọ́n ó ní ìtumọ̀ mìíràn tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ kí ènìyàn púpọ̀ yí àwo kan ká, tí a kò sì fẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ohun tí a óò gbé sínú àwo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí agbára gbogbo wọn ká. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì nínú ilé tíì kan ní ìlú Hong Kong, ní etí òkun ìhà gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibẹ̀, nítorí pé ohun tí mo rí níbẹ̀ kan àwa náà.

Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ní Sham Shui Po

Ọ̀rẹ́ mi kan, oníṣòwò ọmọ Ìbàdàn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlàájì, ni ó mú mi lọ. Bí ó bá lọ ra ọjà ní Hong Kong, Chungking Mansions ni ó máa ń wọ̀ sí. Ilé gogoro alájà 17 ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1961 sí ojú pópó Nathan Road ní àdúgbò Tsim Sha Tsui, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Áfíríkà, Íńdíà àti Pakistan ti ń pàdé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Sham Shui Po, nítorí pé òpópó Apliu Street tí ó wà níbẹ̀ kún fún àwọn tí ń ta tẹlifóònù àti oríṣiríṣi ohun èlò oníná. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun àti ọkùnrin ará Ṣáínà kan tí ó ní ìsọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀ ti jọ ń ṣòwò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n sanwó ọjà tán, ọkùnrin náà sọ fún wa pé, "Ẹ wá bá bàbá mi mu tíì ní òwúrọ̀ ọ̀la." Èmi rò pé tíì lásán ni. N kò mọ̀ pé oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ ni ó ń pè wá sí.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú àdúgbò tí Sham Shui Po jẹ́. Kì í ṣe àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀. Ní ìtòsí rẹ̀, ní Shek Kip Mei, ni iná ńlá kan ti jó àgọ́ àwọn tí wọ́n sá wá láti àárín ilẹ̀ Ṣáínà ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1953. Àwọn ènìyàn tí ó lé ní 50,000 ni iná náà sọ di aláìnílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná yìí ni ó ta ìjọba jí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé alájà fún àwọn aláìní. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà àdúgbò náà ni ó ń gbé inú yàrá kótópó, tí ó jẹ́ pé bí àlejò méjì bá wọlé, ẹnìkan ní láti jókòó lórí ibùsùn. Ilé tíì ni gbọ̀ngàn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn ẹni tí ó bímọ àti ẹni tí ó ṣàìsàn.

Ilé tíì tí a lọ kò sí lójú títì rárá. A kọjá láàárín àwọn ìsọ̀ aláṣọ, a yà sí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n kó páálí jọ sí, a sì gun àtẹ̀gùn dúdú kan. Kò sí àkọlé kankan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ariwo ni a kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí ènìyàn, àfi bí ẹni pé a wọ inú ọjà Ọjẹ́ ní ọjọ́ ọjà. Tábìlì roboto roboto ni ó kún inú ilé náà, àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ ara wọn rí sì jọ ń pín tábìlì kan jẹun láìsí ìfura. Àwọn bàbá àgbà ń ka ìwé ìròyìn, àwọn màmá àgbà ń ti ọmọlanke onírin kékeré kiri, wọ́n ń polówó oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ bí ìyá elẹ́kọ ti ń polówó ẹ̀kọ ní ìdájí. Inú agbọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ọparun hun ni oúnjẹ náà wà, ooru sì ń rú túú láti inú wọn. Bí o bá mú agbọ̀n kan, màmá náà yóò lu òǹtẹ̀ sórí káàdì tí ó wà lórí tábìlì rẹ, òǹtẹ̀ yìí ni wọn yóò sì kà nígbà tí o bá fẹ́ máa lọ.

Ìdọ̀bálẹ̀ Ìka Ọwọ́

A bá bàbá ọ̀rẹ́ wa níbi tí ó jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé. Bí ó ti jẹ́ àṣà wa, èmi àti Àlàájì tẹrí ba, a sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ tí ó nà sí wa. Inú bàbá náà dùn sí èyí, mo rí i lójú rẹ̀. Ó bi wá léèrè tíì tí a fẹ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n ní: èyí tí wọ́n fi òdòdó olóòórùn dídùn sí, èyí tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, àti èyí tí wọ́n ń pè ní bo lei, tí ó dúdú bí omi àgbo, tí àwọn àgbà fẹ́ràn jù nítorí wọ́n gbà pé ó ń bá ọ̀rá jà nínú ikùn. Bo lei náà ni bàbá yàn.

Nígbà tí ìkòkò tíì dé, ọmọ rẹ̀ fi omi àkọ́dà ṣan gbogbo ife àti ọpọ́n wa, ó sì da omi náà sínú abọ́ kan. Lẹ́yìn èyí ni ó wá bu tíì gan-an. Ó kọ́kọ́ bu fún bàbá rẹ̀, ó bu fún àwa àlejò, ara rẹ̀ ni ó sì bu fún gbẹ̀yìn. Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tí ife mi gbẹ, mo na ọwọ́ sí ìkòkò, mo sì bu fún ara mi. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, ṣùgbọ́n bàbá náà rọra gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó fi omi kún ife gbogbo ènìyàn tí ó wà nídìí tábìlì, ó sì gbé e kalẹ̀. Ojú tì mí. Mo ti lóye pé nídìí tábìlì yẹn, ènìyàn kì í bu omi fún ara rẹ̀ ṣáájú. Ẹlòmíràn ni à ń bu fún, ẹlòmíràn ni yóò sì bu fún wa.

Bí bàbá ti ń bu tíì, ọmọ rẹ̀ ká ìka méjì, ó sì fi wọ́n kan tábìlì ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀. Àlàájì bi í pé kí ni ìyẹn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọba Qianlong, ẹni tí ó jọba ilẹ̀ Ṣáínà láti 1735 títí di 1796, máa ń para dà bí ará ìlú lásán láti rin ìrìn-àjò lọ sí ìhà gúúsù. Ní ọjọ́ kan nínú ilé tíì, ọba gbé ìkòkò, ó sì bu tíì fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Bí wọ́n bá wólẹ̀, àṣírí ọba yóò tú. Bí wọn kò bá wólẹ̀, wọ́n tàbùkù ọba. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ká ìka rẹ̀ bí eékún, ó sì fi kan tábìlì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni o, ènìyàn kì í búra sí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà náà wà títí di òní, ọlọ́rọ̀ àti tálákà ni ó sì ń ṣe é. Àlàájì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ ìka ọwọ́ ni èyí." Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá ti bu tíì fún un, òun náà a fi ìka dọ̀bálẹ̀.

Oúnjẹ Tí Ó Kan Ọkàn

Dim sum ni wọ́n ń pe àwọn oúnjẹ kéékèèké náà. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, ó súnmọ́ ohun tí ó rọra kan ọkàn. Mímu tíì pẹ̀lú oúnjẹ yìí ni wọ́n ń pè ní yum cha, ìtumọ̀ èyí kò sì ju "mu tíì" lọ. Nínú agbọ̀n kan, ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń wà. Èyí kì í ṣe ahun. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí agbọ̀n kan kárí tábìlì, kí wọ́n tún mú òmíràn, kí olúkúlùkù lè tọ́ ohun púpọ̀ wò láìjẹ́ pé ó yó jù.

Àkọ́kọ́ ni har gow, edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà wé, tí ìwérí rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí pípọ́n edé náà ń hàn láti inú. Alásè tí ó bá mọṣẹ́ yóò ṣẹ́ etí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìṣẹ́po aṣọ. Siu mai tẹ̀lé e, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti edé tí wọ́n gún pọ̀, tí wọ́n sì ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀. Cheung fun jẹ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n sè pẹlẹbẹ bí aṣọ, tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n sì da omi ẹ̀wà sóyà sí lórí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ adìẹ wá pẹ̀lú. Ní ilé wa, ọmọdé ni a máa ń fún ní ẹsẹ̀ adìẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbà ni ní ọ̀dọ̀ wọn: wọn a dín in, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi, wọn a wá fi ooru sè é pẹ̀lú ẹ̀wà dúdú títí egungun yóò fi bọ́ lára awọ fúnra rẹ̀.

Èyí tí ó mú mi rántí ilé jù ni lo mai gai. Ìrẹsì tí ó ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni, wọ́n fi adìẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ewé ńlá kan tí ó jọ òṣíbàtà ojú omi wa pọ́n ọn, kí wọ́n tó gbé e kaná. Nígbà tí wọ́n tú ewé náà, òórùn tí ó ta sí mi nímú súnmọ́ ti ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé eéran. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi igi ìjẹun mi méjèèjì gún ìrẹsì náà ní ìdúró. Kíá ni màmá tí ó ń ti ọmọlanke fà wọ́n yọ, ó sì tẹ́ wọn sílẹ̀ fún mi. Ọmọ bàbá náà wá ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n ti ń gún igi tùràrí sínú ìrẹsì fún òkú nìyẹn. Èèwọ̀ ni fún alààyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nílẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni Àlàájì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Ó na ọwọ́ sí har gow nítorí pé edé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa ní kí ó ní sùúrù, ó lọ bi àwọn alásè. Ó padà wá, ó ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí edé náà lè rọ̀. Àlàájì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ti ọ̀rẹ́ wa gidigidi pé òun pe àlejò síbi oúnjẹ tí kò lè jẹ. Èmi pàápàá kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

Bàbá ni ó bọ́ wa nínú ìtìjú náà. Ó ní kí wọ́n bọ ẹ̀fọ́ sínú omi gbígbóná nìkan fún Àlàájì, ó bu tíì kún ife rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ túmọ̀ fún wa pé, "Tíì ni a pè é wá mu. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú tíì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí ife Àlàájì gbẹ. Ẹ̀fọ́ ni ó jẹ, tíì ni ó mu, kò sì sí ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún jù ú lọ nídìí tábìlì náà. Mo wá rí i pé bí àṣà kan bá fi ìdí múlẹ̀ lórí ohun tí kò wọ́n, tí kò sì lòdì sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, àyè àlejò yóò máa wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Lí Méjì Péré

Kì í ṣe òní ni àṣà yìí ti jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ní Guangzhou, ìlú ńlá tí àwọn ará Hong Kong ti mú àṣà náà wá, àwọn ilé tíì kan wà ní sẹ́ńtúrì 19 tí wọ́n ń pè ní ilé lí méjì, nítorí pé lí méjì ni owó tíì wọn. Owó tí ó kéré jọjọ ni lí. Àwọn alárù àti àwọn alágbàṣe ni ó ń lọ jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì igi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé tíì ńláńlá bíi Tao Tao Ju, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1880, àti Lian Xiang Lou, ti 1889, wá gbajúmọ̀. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n mẹ̀kúnnù ni ó dúró sí ẹnu àwọn ènìyàn: ife kan, ẹyọ méjì. Ẹni tí ó bá ní owó tíì kan àti ẹyọ oúnjẹ méjì ti ní àǹfààní láti jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí oòrùn yóò fi ga.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun tí kò wọ́n kò lè dára. Ní 2009, alásè kan tí ń jẹ́ Mak Kwai-pui, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá rí, ṣí ìsọ̀ dim sum kékeré kan tí kò gbà ju nǹkan bí ogún ènìyàn lọ ní àdúgbò Mong Kok. Ó pè é ní Tim Ho Wan. Kò pẹ́ tí àwọn olùyẹ̀wò Michelin, tí ń díwọ̀n ilé oúnjẹ kárí ayé, fi fún un ní ìràwọ̀ kan. Olówó àti tálákà sì bẹ̀rẹ̀ sí tò síwájú ilẹ̀kùn kan náà.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ. Owó ilé ń gun òkè ní Hong Kong, ọ̀pọ̀ ilé tíì kò sì fẹ́ kí àgbàlagbà kan fi ife kan gba àga láti aago mẹ́fà dé aago mẹ́wàá mọ́. Àwọn kan a sọ fún oníbàárà pé ìṣẹ́jú 90 péré ni ó ní. Ọmọlanke ti dínkù púpọ̀. Ní ibòmíràn, àmì onígun mẹ́rin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì, tẹlifóònù ni oníbàárà yóò sì fi pe oúnjẹ. Ọ̀dọ́ kò rí ìṣòro nínú èyí, ṣùgbọ́n kí ni àgbà tí kò mọ̀ ọ́n lò yóò ṣe?

Mo bi bàbá náà nípa ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòfíìdì gbòde, tí àkókò kan sì wà tí ìjọba kò gbà kí ó ju ènìyàn méjì lọ jókòó sídìí tábìlì kan ní ilé oúnjẹ. Ó mi orí, ó ní, "Mo ní ewé tíì nílé, mo sì ní omi gbígbóná. Ẹni tí n óò bu tíì fún ni n kò ní." Ọmọ rẹ̀ fi kún un pé ní ilé tíì yìí, bí àgbà kan kò bá yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó yóò dìde, wọn yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ta ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn bí ilé tíì bá di ti olówó nìkan?

Ta Ni Yóò Sanwó?

Har gow kan ṣẹ́kù nínú agbọ̀n. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Bàbá gbé e, ó sì fi í sínú ọpọ́n mi. Mo rántí pé àwọn baba wa ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, mo sì mọ̀ pé bàbá yìí kò ní ru igbá láéláé.

Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ, ìjà owó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mú káàdì òǹtẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti tábìlì kejì já a gbà, èmi náà dìde, mo ń tú àpò. Ariwo ta, gbogbo wọn ń fa káàdì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tí ń jìjàdù ogún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọmọ bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti sanwó láti ìgbà tí òun lọ fọ ọwọ́. Fún ènìyàn mẹ́rin, owó náà kò pé 300 dọ́là Hong Kong, èyí tí kò tó 40 dọ́là Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ń ta tẹlifóònù lè fi í bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ Fún Àwa Náà

Kí ni èyí kan wa? Ó kàn wá púpọ̀. Àwa náà ní àṣà tí kò wọ́n. Omi tútù àti obì tó láti fi gba àlejò ńlá. Ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀ ń kó ilé jọ yí bàbá ká. Orúkọ ọmọ tuntun kò gbà ju omi, iyọ̀, oyin, orógbó àti àwọn ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, a ti sọ púpọ̀ nínú wọn di ohun olówó. Aṣọ ẹbí ti lé ọ̀rẹ́ tí kò ní owó sẹ́yìn nínú ìgbéyàwó. Ẹni tí kò lè gba gbọ̀ngàn ń sá fún ìsọmọlórúkọ ọmọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò jókòó, a óò sì máa ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ kò ka àṣà sí mọ́. Ṣé wọn kò kà á sí ni, àbí ọwọ́ wọn kò tó o?

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà wa, ẹ bi wọ́n léèrè pé èwo nínú rẹ̀ ni ọmọ tálákà lè ṣe lọ́la láìjẹ gbèsè. Ẹ̀yin àgbà, èyí tí ọmọ yín bá lè ṣe pẹ̀lú ife omi kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣe é pẹ̀lú màlúù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá lówó kí ẹ tó bá bàbá yín jókòó jẹun. Ẹ bu omi fún un kí ẹ tó bu fún ara yín.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn dúdú náà, Àlàájì sọ fún mi pé nígbà tí òun bá padà dé Ìbàdàn, òun yóò máa lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá òun jẹ ẹ̀kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi owó ránṣẹ́ sí i dípò kí òun yọjú. Mo gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ méjì àti àkàrà díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, bàbá àgbà náà sì ti ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti aago méje, ó ń retí rẹ̀.